Báwo ni rédà inú bàálù ṣe ń ya afẹ́fẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣàn omi?

Atukọ̀ Ẹ̀bútẹ́-Èrò (Ọjọ́ Ajé, aago 8:10 alẹ́)

Mo kí gbogbo ilé o. Ọkọ̀ èrò ni mo ń wà lójú ọ̀sà láti Ẹ̀bútẹ́-Èrò sí Ìkòròdú, ó sì ti di ọdún mọ́kàndínlógún báyìí tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì ló wá bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń de rédà mọ́ abẹ́ bàálù kékeré kan, wọ́n sì ń fi í wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ lójú òkun àti bí omi òkun ṣe ń ṣàn, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìsí pé ohunkóhun fọwọ́ kan omi. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní wọ́n ń tàn yín ni. Ó ní òótọ́ ni. Nígbà tí kò lè ṣàlàyé rẹ̀ débi tó tẹ́ mi lọ́rùn, mo ní màá gbé e wá síbí.

Ohun tó rú mi lójú nìyí. Afẹ́fẹ́ àti ìṣàn omi kì í ṣe ohun kan náà, ẹni tó bá ti tukọ̀ rí ló mọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú èyí tó kọjá, nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo so ọkọ̀ mi mọ́ òpó kan lábẹ́ Afárá Carter kí n lè yọ ọ̀rá tó wé mọ́ ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ bọ̀ láti ìhà òkun, ó ń gbá mi lójú bí mo ṣe kọjú sí Àpápá, ojú omi sì ń rú wẹ́wẹ́ bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n omi ń fà jáde lọ sí òkun lásìkò náà. Àwọn ojúoró tó já kúrò lókè ọ̀sà ń wọ́ lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, wọ́n kọjú sí i, wọn ò sì wẹ̀yìn. Ẹni tó bá dúró lórí afárá tó ń wo rírú omi yóò búra pé omi ń wọlé ni. Irọ́ ni, omi ń jáde, ojúoró ló sọ òótọ́.

Bí èmi tí mo wà lórí omi bá lè ṣì í wò, báwo ni rédà tó wà lókè réré ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ti afẹ́fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ti ìṣàn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á fún mi bí ẹni ń la obì.

Olùkọ́ Físíìsì, Yábàá (Ọjọ́ Ajé, aago 9:45 alẹ́)

Bàbá Atukọ̀, ẹ kú ewu omi o. Ọmọ yín kò purọ́, ojúoró yín náà kò sì purọ́. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí rédà náà ń rí gan-an, nítorí pé kò rí afẹ́fẹ́, kò sì rí ìṣàn omi. Ìgbì wẹ́wẹ́ ló ń rí, láti ara ìgbì wẹ́wẹ́ yìí sì ni wọ́n ti ń fa ìròyìn méjèèjì yọ.

Ẹ̀rọ tí mo rò pé ọmọ yín ń sọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní DopplerScatt, tí àwọn ará NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú, ṣe ní ilé ìwádìí wọn tó ń jẹ́ JPL ní California. Inú bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì ni wọ́n ń gbé e sí, bàálù náà sì máa ń fò ní nǹkan bíi kìlómítà 8.5 sókè omi. Ìgbì tí rédà rẹ̀ ń rán sómi, tó sì ń dúró kí ó padà, ń gbọ̀n ní ìgbà bílíọ̀nù 35.75 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó túmọ̀ sí pé láti orí ìgbì kan sí orí èkejì kò ju mìlímítà 8.4 lọ. Kò kọjú sí omi tààrà bí ẹni ń wo inú kànga. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wò ó, ní igun digirì 56 sí ìlà tó lọ tààrà sísàlẹ̀.

Bí ìgbì rédà bá dé ojú omi ní ẹ̀gbẹ́ báyìí, kì í ṣe gbogbo ìgbì omi ló máa dá a padà dáadáa. Àwọn tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn ní nǹkan bíi mìlímítà 5 síra wọn ni ohùn wọn máa ń ṣọ̀kan, bí ìgbà tí onílù mẹ́wàá bá jọ lu ìlù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn yòókù dà bí onílù tí kálukú ń lu tirẹ̀: ariwo pọ̀, ìlù kò jọ. Mìlímítà 5 kéré gan-an. Bí ẹ bá bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú abọ́, tí ẹ fẹnu fẹ́ ẹ kí ó lè tutù, rírú tín-tìn-tín tó máa sáré kọjá lójú ẹ̀kọ náà ni irú rẹ̀.

Nǹkan méjì ni wọ́n ń gbọ́ nínú àpadàbọ̀ náà, ìyẹn ìgbì rédà tí omi dá padà. Èkíní ni bó ṣe lágbára tó. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe le sí ni ìgbì wẹ́wẹ́ ń pọ̀ sí, tí àpadàbọ̀ sì ń lágbára sí i. Bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ pátá, ojú omi a dán bí dígí, ìgbì rédà a ta síwájú lọ, kò ní padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an. Ti ìhà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí náà wà níbẹ̀: àpadàbọ̀ máa ń lágbára jù nígbà tí rédà bá kọjú sí afẹ́fẹ́ tàbí tó kọ̀yìn sí i, a sì máa dín kù nígbà tó bá dá afẹ́fẹ́ lágbedeméjì. Ìdí nìyí tí ojú rédà náà fi ń yí bírí lábẹ́ bàálù, kí ó lè wo ibì kan náà láti iwájú, kí ó sì tún wò ó láti ẹ̀yìn nígbà tí bàálù bá ti kọjá. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mọ afẹ́fẹ́.

Èkejì ni bí àpadàbọ̀ náà ṣe ń gbọ̀n. Bàbá, nígbà tí ẹ bá ń wa ọkọ̀ lọ pàdé ìgbì, ṣé kì í gbá ìdí ọkọ̀ léraléra, gbà-gbà-gbà? Tí ẹ bá yípo tí ẹ jọ ń lọ síbì kan náà pẹ̀lú ìgbì yẹn, tí eré ọkọ̀ yín kò sì yí padà, gbígbá náà a falẹ̀, gbà… gbà… gbà. Ìgbì ò yí padà, pípàdé àti sísá fún un ló yàtọ̀. Bákan náà ni ti rédà. Bí omi bá ń sún mọ́ ọn, àpadàbọ̀ a máa gbọ̀n kíákíá ju bí ó ṣe lọ, bí omi bá ń jìnnà sí i, a falẹ̀. Austria ni Christian Doppler ti wá, ọdún 1842 ló sì kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ìdí nìyí tí orúkọ rẹ̀ fi wà lára ẹ̀rọ náà. Ìyàtọ̀ tí wọ́n ń wá kò tó nǹkan rárá: bí omi bá sún mọ́ rédà ní sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nínú bílíọ̀nù 35.75 yẹn, nǹkan bí ìgbà 24 péré ni yóò fi lé.

Ìbéèrè yín gan-an wá dé. Ìgbì wẹ́wẹ́ tó gùn ní mìlímítà 5 kò dúró sójú kan. Kódà nínú omi tí kò ṣàn rárá, òun fúnra rẹ̀ ń sáré ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ̀yìn àwọn ìgbì ńlá tó ń gbé e lọ sókè sódò ló sì wà. Nítorí náà, bí rédà bá gba ohun tó rí gbọ́ bẹ́ẹ̀, yóò ṣe bí ẹni tó dúró lórí Afárá Carter, yóò ní omi ń wọlé. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń kọ́kọ́ fi agbára àpadàbọ̀ mọ afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, wọ́n á wá ṣírò iye rírìn tí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń fún ìgbì, wọ́n á yọ ọ́ kúrò, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni ìṣàn. Bí wọ́n bá mú afẹ́fẹ́ àárọ̀ láti yọ kúrò nínú ìṣàn ìrọ̀lẹ́, tàbí tí wọ́n mú afẹ́fẹ́ Badagry láti fi ṣírò omi Lẹ́kì, àṣìṣe tó máa wọ̀ ọ́ lè ju ìṣàn fúnra rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní dandan, ẹ̀rọ kan náà ni kí ó wọn méjèèjì, ní àkókò kan náà.

Awọnlẹ̀-Awọnmi, Sùúrùlérè (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:20 àárọ̀)

Ọ̀gá Olùkọ́, mo gbádùn àlàyé yín, pàápàá ti ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ẹ ti fo ibi tó máa ń dun àwa tí a ń fi wíwọn nǹkan jẹun. Bàálù náà ń kọ́? Ẹ ń sọ ti omi tó ń rìn ní sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ kò sọ pé ẹni tó ń wò ó ń sáré ní nǹkan bíi mítà 130 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Ó dà bí ẹni tó jókòó sínú dánfó tó ń sá eré burúkú lórí Afárá Ẹlẹ́ẹ̀kẹ́ta, tó ní òun fẹ́ mọ bí ìgbín ṣe ń yára tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kékeré kan hàn yín. Ká ní rédà kọjú sí ẹ̀gbẹ́ bàálù gan-an, níbi tó yẹ kí eré bàálù má hàn nínú àpadàbọ̀ rárá. Tí ó bá fi digirì 0.06 péré yẹ̀ síwájú, ìyẹn ohun tí ojú ènìyàn kò lè rí, díẹ̀ nínú eré bàálù ti wọ inú ìṣirò nìyẹn, ó sì máa tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 14 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó ti ju ohun tí wọ́n fẹ́ wọn lọ! Ẹ ó rí i pé iṣẹ́ ńlá ibẹ̀ kì í ṣe rédà, bí kò ṣe mímọ ibi tí rédà kọjú sí.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní kí a wọn jíjìn omi ní odò kan lọ́nà Lẹ́kì. Èmi ni mo de ẹ̀rọ tó ń fi ìró wọn ìsàlẹ̀ omi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Mo rò pé mo dè é gún, kò gún. Ọjọ́ kejì la tó mọ̀, nígbà tí àwòrán ìlà tí a gbà lọ fi hàn pé ìsàlẹ̀ odò rọ̀ sí apá ọ̀tún, tí ti ìlà tí a gbà bọ̀ sì fi hàn pé ó rọ̀ sí apá òsì. Ìsàlẹ̀ odò kan ṣoṣo ni o. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ló wọmi, ọ̀gá mi kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Òbáléńdé.

Ohun tó tú àṣírí mi yẹn náà ni wọ́n ń lò fún rédà bàálù. Wọ́n á fò kọjá lórí ibì kan, wọ́n á yípo, wọ́n á tún fò padà lórí ibẹ̀. Ìṣàn omi kò mọ ibi tí bàálù kọjú sí. Ohunkóhun tó bá ń yí padà bí bàálù ṣe ń yí padà, ti bàálù ni, kì í ṣe ti omi. Ilẹ̀ tún ń ràn wọ́n lọ́wọ́: ilẹ̀ kì í rìn, nítorí náà bí ìtànṣán rédà bá bọ́ sórí ilẹ̀ tí ẹ̀rọ sì sọ pé ohun tó wà níbẹ̀ ń rìn, iye tó bá sọ yẹn ni àṣìṣe rẹ̀.

Kí n tó máa lọ, kì í ṣe gbogbo ibi tí rédà náà ń wò ló ń rí dọ́gba. Láti kìlómítà 8.5 sókè, ní igun digirì 56, apá omi tó ń wò gbòòrò tó kìlómítà 25 ní ìbú. Nísàlẹ̀ bàálù gan-an, wíwò iwájú àti wíwò ẹ̀yìn bọ́ sórí ìlà kan náà, kò lè mọ omi tó ń ṣàn dá ìlà náà kọjá. Ní etí méjèèjì pẹ̀lú, iwájú àti ẹ̀yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀gbẹ́ kan náà. Àárín méjèèjì ló ti dára jù, níbi tí wíwò méjèèjì ti gba ara wọn kọjá dáadáa.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Màkókó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:05 ọ̀sán)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì ní kí ọmọ ọmọ mi tún un kà sókè fún mi. Ìbéèrè kan ni tèmi. Àwọn tó ń bá mi lọ pẹja ní agbami ti ń wo afẹ́fẹ́ lórí fóònù kí wọ́n tó gbéra, wọ́n ní sátẹ́láìtì ló ń sọ ọ́. Kí ni wọ́n tún wá fẹ́ fi bàálù ṣe? Owó epo bàálù kì í ṣe kékeré.

Ọmọ Ìṣàlẹ̀-Èkó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:38 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, Ìyá wa. Òótọ́ ni pé sátẹ́láìtì ń wọn afẹ́fẹ́ ojú òkun, ó sì ti pẹ́. Ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà gbé èyí tí wọ́n pè ní Seasat lọ sókè, ọjọ́ 105 péré ló fi ṣiṣẹ́ kí iná rẹ̀ tó kú, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé nǹkan náà ṣeé ṣe. QuikSCAT ṣe irú iṣẹ́ yìí láti ọdún 1999 títí di 2009, àwọn ará Yúróòpù sì ti ń fi ASCAT tiwọn ṣe é láti 2006. Agbára àpadàbọ̀ tí Ọ̀gá Olùkọ́ sọ ni gbogbo wọn ń lò. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń sọ fún ni, wọn kì í sọ ti ìṣàn.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ojú wọn kò mú nítòsí ilẹ̀. Ààmì kan ṣoṣo nínú àwòrán wọn sábà máa ń dúró fún kìlómítà 12.5 tàbí 25, bí ilẹ̀ bá sì bọ́ sínú rẹ̀, àpadàbọ̀ ilẹ̀ a bo ti omi mọ́lẹ̀. Ẹnu ibi tí ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ Èkó, láàárín ògiri òkúta méjì tí àwọn òyìnbó kọ́ sínú òkun láàárín 1908 sí 1912, kò tó kìlómítà kan ní ìbú. Lójú sátẹ́láìtì afẹ́fẹ́, kò sí níbẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni omi ti ń ṣe oríṣiríṣi: omi ọ̀sà ń jáde, ìgbì agbami ń bọ̀ láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, ìṣàn etí òkun sì ń kó iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn. Ẹni tó bá mọ bí òkun ṣe jẹ ilẹ̀ ní Bar Beach lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ògiri yẹn tán, tí iyanrìn sì ń kó jọ ní ìhà kejì níbi tí ilé iná àwọn ọlọ́kọ̀ wà, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìṣàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán.

Nípa sátẹ́láìtì tó ń wá ìṣàn, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ SWOT, tí wọ́n gbé lọ sókè ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Ṣùgbọ́n gíga ojú omi ni òun ń wọn. Wọ́n á wo ibi tí òkun ga sí àti ibi tó lọ sílẹ̀ sí, wọ́n á wá fi yíyí tí ayé ń yí ṣírò bó ṣe yẹ kí omi ṣàn. Ọgbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tó jìnnà sí agbedeméjì ayé, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ṣe ń sún mọ́ agbedeméjì ayé ni ipá yíyí ayé lórí omi ń dín kù. Digirì 6.5 ni Èkó wà sí agbedeméjì ayé, San Francisco ní California sì wà ní nǹkan bí 38. Ipá náà lọ́dọ̀ wa jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ti ọ̀dọ̀ wọn. Ní tèmi, àwa tí a wà létí òkun Guinea ni ó yẹ kí a máa pariwo jù pé kí wọ́n wọn ìṣàn tààrà, nítorí pé ìṣirò láti ara gíga omi kò lè gbé wa dé ibi tó gbé wọn dé.

Ìdí ti bàálù nìyẹn. Láàárín 2021 sí 2023, wọ́n fi DopplerScatt fò léraléra lórí òkun níwájú California, nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní S-MODE, láti wá àwọn ìyípo omi kéékèèké tí ìbú wọn kò ju kìlómítà mélòó kan lọ. Àwọn ará Yúróòpù náà fi tiwọn, tó ń jẹ́ OSCAR, fò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 lórí òkun Iroise ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, níbi tí omi ti ń wọlé tó ń jáde pẹ̀lú agbára gan-an. Ti OSCAR kò ń yí bírí bí ti Amẹ́ríkà. Ó ní ojú mẹ́ta tó kọjú síbi mẹ́ta: ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́.

Ohun kan kù tí ẹnì kankan kò tíì mẹ́nu bà. Afẹ́fẹ́ tí rédà ń wọn kì í ṣe afẹ́fẹ́ bí ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ ṣe máa mọ̀ ọ́n lára. Bó ṣe ń kan omi tó ń rìn ni. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ ní mítà 6 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí omi sì ń bá a lọ síbì kan náà ní mítà kan, afẹ́fẹ́ mítà 5 péré ló máa kan ìgbì wẹ́wẹ́. Bí omi bá ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀, mítà 7 ni. Bàbá Atukọ̀, ọ̀kan lára ìdí tí ojú omi fi máa ń rú jù nígbà tí omi bá ń jáde tí afẹ́fẹ́ òkun sì ń wọlé nìyí.

Atukọ̀ Ẹ̀bútẹ́-Èrò (Ọjọ́rú, aago 9:02 alẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an o. Ọmọ mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, mo sì gbà. Ti gbígbá tí ìgbì ń gbá ìdí ọkọ̀ ló là mí lójú, nítorí pé mo ti ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ láì mọ̀ pé ó ní orúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n béèrè kan sí i. Ọkọ̀ mi, tí èrò bá kún un, ìdí rẹ̀ wọ inú omi tó nǹkan bí ìdajì mítà. Ìṣàn tó ń gbé e kì í ṣe ti ojú omi nìkan. Ìṣàn wo ni rédà yìí ń wọn, tòkè ni àbí tìsàlẹ̀?

Olùkọ́ Físíìsì, Yábàá (Ọjọ́rú, aago 10:15 alẹ́)

Tòkè ni, Bàbá. Awọ omi lásán ni. Ìgbì rédà yẹn kò lè wọ inú omi iyọ̀ ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Awọ omi sì ni afẹ́fẹ́ máa ń fà jù: a sábà máa ń ṣírò rẹ̀ pé ojú omi gan-an ń bá afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún eré afẹ́fẹ́ náà. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ní mítà 8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á fa awọ omi ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 24, nígbà tí omi tó wà lábẹ́ lè má mọ̀ pé afẹ́fẹ́ fẹ́. Èyí yàtọ̀ sí sísáré ìgbì tí a yọ kúrò lẹ́ẹ̀kan, nítorí omi fúnra rẹ̀ ló ń lọ. Nítorí náà ni wọ́n fi máa ń ṣọ́ra nígbà tí wọ́n bá ń fi ohun tí rédà sọ wé ohun tí àwọn léfòó-léfòó tí wọ́n jù sínú òkun láti wọn ìṣàn sọ, torí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyẹn ní aṣọ gígùn tó rọ̀ sísàlẹ̀ tó mítà 15, omi ìsàlẹ̀ ló sì ń fà wọ́n.

Fún epo tó dà sójú omi, tàbí ẹni tó já sómi, tòkè yẹn gan-an la nílò. Fún ọkọ̀ yín, ẹ ó ṣì fi ọgbọ́n tiyín kún un.

Awọnlẹ̀-Awọnmi, Sùúrùlérè (Ọjọ́bọ̀, aago 6:05 àárọ̀)

Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a má tan Bàbá. Inú ọ̀sà kì í ṣe ibi tí wọ́n ń fi bàálù wá. Bàálù máa kọjá lẹ́ẹ̀kan, wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn náà omi tó ń jáde ti padà ń wọlé. Ibi tí omi ti ń yí bẹ́ẹ̀, rédà tí wọ́n gbé kalẹ̀ sétí òkun ló dára jù, irú èyí tí ìgbì rẹ̀ gùn tó ọ̀pọ̀ mítà, tó ń wo ibì kan náà tọ̀sán-tòru. Láti 1955 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Crombie ti fi hàn pé àpadàbọ̀ irú rédà bẹ́ẹ̀ láti ara ìgbì òkun ní ìyàtọ̀ nínú gbígbọ̀n tí a lè kà. Tí ẹnikẹ́ni bá fún mi lówó láti ná sórí omi Èkó, ibẹ̀ ni màá kọ́kọ́ ná an sí, màá sì fi bàálù sílẹ̀ fún agbami.

Atukọ̀ Ẹ̀bútẹ́-Èrò (Ọjọ́ Jímọ̀, aago 7:50 alẹ́)

Mo ti dán nǹkan wò o. Lónìí náà, ní aago mẹ́rin kọjá, mo tún so ọkọ̀ mọ́ òpó abẹ́ afárá, afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́, omi ń jáde. Mo mú ọsàn kan àti ike omi òfìfo kan tí mo dé pa. Mo ju méjèèjì sómi pọ̀ níwájú ọkọ̀, ọmọ mi sì ń wo aago fóònù rẹ̀. Ọsàn rì débi pé orí rẹ̀ nìkan ló ń yọ díẹ̀, ó sì ń wọ́ lọ sí ọ̀nà Àpápá bí ojúoró. Gígùn ọkọ̀ mi jẹ́ mítà mẹ́sàn-án, ọsàn fi ìṣẹ́jú-àáyá méjìdínlógún gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ike ní tirẹ̀ fò lórí omi, ó ń jó síwájú sẹ́yìn, kò sì tíì dé ìdajì ọkọ̀ nígbà tí ọsàn ti lọ. Ọmọ mi ní sẹ̀ǹtímítà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ti ọsàn. Àwọn èrò tó wà létí omi ní ṣé mo ti ń ṣe ètùtù ni.

Awọnlẹ̀-Awọnmi, Sùúrùlérè (Ọjọ́ Jímọ̀, aago 8:25 alẹ́)

Bàbá, ẹ ti di awọnmi! Ìṣirò rẹ̀ péye. Ṣùgbọ́n orí ọsàn tó ń yọ síta yẹn, afẹ́fẹ́ ń tì í díẹ̀, ó sì tún ń fa awọ omi tó wà lára rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ tún un ṣe níbi kan náà nígbà tí omi bá ń jáde tí afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́, kí ẹ sì ju ọsàn tó mẹ́ta, kì í ṣe ẹyọ kan. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín ti òní àti ti ọjọ́ yẹn, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa jẹ́ ti afẹ́fẹ́, díẹ̀ máa jẹ́ ti omi tó lọ jù tàbí tó lọ kéré lọ́jọ́ náà, nítorí náà ẹ kọ aago tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà sílẹ̀.

Atukọ̀ Ẹ̀bútẹ́-Èrò (Ọjọ́ Jímọ̀, aago 8:41 alẹ́)

Mo ti ra ọsàn mẹ́fà ní Ìdúmọ̀tà. Àárọ̀ kùtù ọjọ́ tí omi bá ti ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni màá lò ó, kí afẹ́fẹ́ òkun tó dìde. Ìyàwó mi ti jẹ ẹyọ kan nínú rẹ̀.